Ohùn Tó Ń Ka Ọ̀nà Fáìlì

Bí èmi àti Fìjàbí, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bá fẹ́ gbé iṣẹ́ wa sórí kọ̀ǹpútà tuntun, òun ló máa ń ka ọ̀nà fáìlì, ìyẹn àdírẹ́sì ibi tí fáìlì wà, sókè, èmi á máa tẹ̀ ẹ́.

Nírọ̀lẹ́ àná, èmi nìkan ló kù ní ọ́fíìsì. Mo pè é, mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Ó ka ibi tí kọ̀ǹpáílà, tó ń sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà lè lò, wà fún mi, ó wá ka fódà tí kóòdù tí a jọ kọ wà. Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe kà á.

"Fìjàbí, fódà yìí ṣófo o!"

"Tún un tẹ̀, Ládùn. Má kánjú."

Mo tún un tẹ̀. Òfìfo náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ Fìjàbí wọlé: "Má bínú. Mo ti ta kóòdù wa, mo sì ti pa èyí tó kù rẹ́. Má pè mí mọ́."

Fìjàbí! Ẹni tí a jọ ń jẹ, tí a jọ ń mu!

Mo wo fóònù dáadáa. Fìjàbí kò tilẹ̀ gbé ìpè mi rárá.

Ẹ̀yìn àga mi ni ohùn tó ti ń kà á fún mi ti wá báyìí, jẹ́jẹ́:

"Má dá a lóhùn, Ládùn. Èmi ò ní já ẹ jù sílẹ̀ láéláé. Tún un tẹ̀."