Àṣìṣe Tó Kù ní Kambolé

Lọ́dún 2004, kò sí ìwé tó dé sọ́dọ̀ Sàídù ní Sokodé tí kì í dáhùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Òun ló kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣírò àkókò ìrun. Ó fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹni tó bá rí àṣìṣe lè kọ̀wé, tàbí kó tún un ṣe. Wọ́n ń kọ̀wé láti Cotonou, wọ́n ń kọ̀wé láti Dakar. Jàríátù àbúrò rẹ̀, tó ń kàwé ní Tchamba, náà ń lò ó. Àwọn ará mọ́sáláṣí ti ní àwọn á lò ó ní Ramadan, bí kò bá ti sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀ mọ́. Ramadan sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ẹyọ kan ló kù. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró ló ń kọ̀wé nípa rẹ̀ láti Tchamba, níbi tí àwọn ará Kambolé ti ń nájà, lọ́jọ́ ọjà nìkan: "Ṣé o ti jẹun? Ètò rẹ kò ṣiṣẹ́ ní Kambolé. Mo pè é, pè é, kò dáhùn."

Kambolé gan-an ni wọ́n bí Sàídù sí. Ó dán ètò náà wò títí, kò rí nǹkan kan. Ó fèsì pé: "Níbí, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí lẹ tẹ̀ kó tó dákẹ́?"

"Ọ̀dọ̀ rẹ kọ́ ni mo wí. Wá wò ó."

Tìjání tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Patron, ọ̀gá mi, ọkọ ni ọmọge yìí ń wá! Ta ló ń bi ẹlẹ́rọ kọ̀ǹpútà bóyá ó ti jẹun?"

Sàídù ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Ó gẹ irun rẹ̀ ṣá, ó sì ra ìborùn aláwọ̀ ewé kan. Ó kọ ọjọ́ tí òun ń bọ̀ ránṣẹ́ sí Àwẹ̀ró.

Ní ibùdókọ̀, awakọ̀ Kambolé fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìwọ rèé! Iṣẹ́ tí Ìyá Sàídù ń fi rán mi sí ọ ti sú mi. O ní ó di ẹ̀yìn Iléyá. Iléyá mélòó ló ti kọjá?"

Ojú tì í díẹ̀. "Mò ń lọ náà nìyí."

Nígbà tó dé ilé, iyán gbígbóná ti wà nílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, ẹ mọ̀ pé mò ń bọ̀ ni?"

"Fọwọ́, kóo jẹun."

"Ẹ jọ̀ọ́, ilé Àwẹ̀ró ńkọ́? Iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé mi wá. Òun ló ni ìborùn yìí."

"Mú un wá, kí n bá ọ tọ́jú rẹ̀."

Sàídù ń bu òkèlè kejì lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ láti Bago, ẹnì kan ṣoṣo tó kù láyé tí kì í pe obìnrin náà ní Ìyá Sàídù, yọ sẹ́nu ọ̀nà, tó rí ìborùn tuntun lórí àbúrò rẹ̀, tó sì bú sẹ́rìn-ín: "Àwẹ̀ró, ṣé ọmọ rẹ padà dáhùn?"