Ọ̀rẹ́ Tí Kò Wá Wò Ó

Ó ti lé lọ́dún méjì tí ọkọ obìnrin aránṣọ kan ti kú, àmọ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún aago ọwọ́ ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà kì í ṣe oníṣẹ́ aago. Awakọ̀ wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì náà wà níbẹ̀; ìfẹ́ aago ló kó wọn jọ. Bí ẹnì kan bá ra aago tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, á ya fọ́tò inú ẹ̀, á gbé e síbẹ̀, àwọn yòókù á máa sọ fún un èyí tó máa tú àti ibi tó máa kán òróró sí. Wọn kì í bú ara wọn. Ẹni tí síkúrù bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n á ní kó má wulẹ̀ wá a, ilẹ̀ ti jẹun lónìí nìyẹn.

Ọwọ́-ò-gbọ̀n ni wọ́n ń pe ọkọ aránṣọ náà níbẹ̀. Òun àti ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Má-Kánjú ni àgbà ẹgbẹ́. Ìlú wọn jìnnà síra, wọn ò fojú kan ara wọn rí, síbẹ̀ kòríkòsùn ni wọ́n. Fún ọdún mẹ́jọ, ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, Má-Kánjú á pè, wọ́n á jọ máa sọ̀rọ̀ aago títí oúnjẹ á fi tutù lórí tábìlì. Má-Kánjú ló dàgbà jù. "Àbúrò, o jí ire?" ló fi máa ń bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó yá, dókítà sọ pé ọkàn ọkọ ẹ̀ ti ń ṣàárẹ̀, pé kò gbọdọ̀ máa gbọ́ ìròyìn òjijì. Ọkọ ẹ̀ sọ fún ẹgbẹ́, gbogbo wọn ṣàdúrà fún un. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí Má-Kánjú kọ̀wé pé etí òun ti di, òun ò lè gbọ́ fóònù mọ́, kí wọ́n kúkú máa kọ̀wé síra wọn. Ọkọ ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní ogbó ti ń gba nǹkan kiri: ó mú ọkàn lọ́dọ̀ ẹnì kan, ó mú etí lọ́dọ̀ èkejì.

Nígbà tí àìsàn náà wá dá a dùbúlẹ̀, ó bẹ ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé kó wá, kí òun fojú kàn án lẹ́ẹ̀kan. Èsì dé lọ́jọ́ kejì: "Mò ń bọ̀." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ máa ń gùn bí ìwàásù tẹ́lẹ̀.

Ọkọ ẹ̀ ní kí wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Fún ọjọ́ mọ́kànlá, bí mọ́tò bá ti dúró lójú títì, á bi ìyàwó ẹ̀ bóyá òun ni. Ìyàwó á yọjú, á ní rárá, aládùúgbò ni. Lọ́jọ́ kejìlá, ó bi í lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀. Nígbà tó fi máa dọ̀sán, kò bèèrè nǹkan kan mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, aránṣọ náà ṣí fóònù ọkọ ẹ̀, ó bá ọ̀rọ̀ Má-Kánjú níbẹ̀: "Ara yín ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi?" Inú ẹ̀ gbóná bí áyọ́ọ̀nù tó fi ń lọ aṣọ. Ó dáhùn lórúkọ ọkọ ẹ̀: "Ara ti ń le. Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

Ohun tó fẹ́ ò pọ̀. Ó fẹ́ kí ọkùnrin náà wá, kó jókòó, kó bèèrè ọ̀rẹ́ ẹ̀, kí òun wá mú un lọ sídìí sàréè.

Kí àṣírí má bàa tú, ó jókòó sídìí tábìlì ọkọ ẹ̀, ó kọ́ iṣẹ́ náà. Ọwọ́ tó ti di abẹ́rẹ́ mú fún ọgbọ̀n ọdún kò pẹ́ mọ ẹmú lò. Ibi tí kò bá yé e, á bi Má-Kánjú. Àmọ́ ìbéèrè tí ọkùnrin náà ìbá ti dáhùn lójú ẹsẹ̀ nígbà kan, ọjọ́ méjì mẹ́ta ló ń gbà á báyìí, èsì ẹ̀ á sì dà bí ohun tí wọ́n dà kọ látinú ìwé. Àbúrò tó máa ń pe ọkọ ẹ̀ náà ti di ẹ̀yin. Aránṣọ náà sọ lọ́kàn ara ẹ̀ pé ìtìjú ni. Bó bá sì ti ní kó wá, Má-Kánjú á ní ẹsẹ̀ ń dun òun, tàbí pé ọ̀nà bàjẹ́.

Ó wá àdírẹ́sì títí, ó rí i lára páálí kan tí Má-Kánjú ti fi sípíríǹgì ránṣẹ́ nínú ẹ̀ rí. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó wọ mọ́tò, ó fi wákàtí mẹ́rin há ohun tó fẹ́ sọ sórí.

Obìnrin kan tó tó ẹni ogójì ọdún ló ṣílẹ̀kùn fún un, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Aránṣọ náà ní Má-Kánjú ni òun wá rí. Obìnrin náà ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ ẹ̀ ni mí. Ẹ̀yin ńkọ́, mà?"

"Ìyàwó Ọwọ́-ò-gbọ̀n."

Ojú obìnrin náà tàn. Ó na ọrùn wo àtẹ̀gùn lẹ́yìn àlejò náà, ó bèèrè bóyá ọkọ ẹ̀ ṣì ń gòkè bọ̀.

"Ẹ pe bàbá yín kó wá gbọ́," aránṣọ náà ní. "Ọkọ mi ti kú, ó ti lé lọ́dún méjì. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi wo ojú títì, tó ń retí wọn. Látìgbà yẹn, èmi ni mo ń dá wọn lóhùn. Kí wọ́n jáde síbí, kí wọ́n sọ ohun tó dí wọn lọ́wọ́ fún mi."

Ọmọ Má-Kánjú kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Mà, oṣù tí dókítà ní kí ọkọ yín má gbọ́ ìròyìn òjijì la sin bàbá mi, èmi ni mo wá ń kọ̀wé sí wọn, kí wọ́n má bàa gbọ́."