Àwòrán Tí Ẹ̀rọ Kò Lè Ká

Láràárọ̀ ni ẹ̀rọ ìjọba máa ń fò wọ gbọ̀ngàn àfihàn Òkè-Alápó láti yẹ ògiri wò. Lónìí, iwájú àwòrán Mọ́radéùn ló dúró sí. Èédú igi kòkó tó jóná ni Mọ́radéùn fi ya ìyá rẹ̀ láàárín iná tó jó igbó ìlú run, iná tó pa ìyá náà.

“Òfin kò gba iná lára ògiri,” ni ẹ̀rọ náà wí. Ó ká àwòrán náà, ó sì lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun.

Mọ́radéùn tẹjú mọ́ ìyẹ̀fun náà. Ṣé wọn yóò tún pa ìyá òun lẹ́ẹ̀kejì ni?

Àkànmú, olólùfẹ́ rẹ̀, bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀. “Àyà mi kì í ṣe ògiri, adúmáradán mi. Yà á síbí.”

“Orí ẹ dàrú ni? Gbogbo èèyàn ń wò wá!”

“Kí wọ́n máa wò. Ṣebí àfihàn la pè wọ́n wá wò.”

Mọ́radéùn mú èédú rẹ̀, ó sì yà á tán sórí àyà tó ń lù kìkì náà. Ẹ̀rọ yí Àkànmú po títí, kò rí òfin tó kan awọ ara.

Ni màmá àgbà kan bá ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè. “Ọmọ mi, èmi ló kàn. Iná yẹn ló pa ọkọ mi.”