Ìdánwò Ogun Kírìjì

Lọ́jọ́ ìdánwò ìtàn ogun ní yunifásítì wa, inú dígí ni wọ́n ti ń jí jagunjagun kan fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni tèmi, láti ogun Kírìjì. Bó ṣe yọjú báyìí, mo da ìbéèrè bò ó.

“Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé yín nìyẹn?”

Mo yáa kúnlẹ̀. “Ẹ kú ojú ogun, bàbá.”

Ara rẹ̀ yá gágá. Ó ròyìn ebi, ó ròyìn òjò, ó tiẹ̀ sín ìró ìbọn jẹ fún mi. Ó wá rọra béèrè pé, “Ọmọ mi, ṣé ogun yìí ti tán?”

Òfin ìdánwò ni pé a ò gbọ́dọ̀ sọ fún wọn.

“Ó ti tán, bàbá. Ẹ máa lọ sílé.”

Òdo ni Dókítà Abíọ́nà, olùkọ́ wa, fún mi. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń jí bàbá yẹn ṣáá, dígí rẹ̀ ṣófo.