Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ fún Ọkọ Télọ̀

Obìnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù oníkẹ̀kẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ní òun fẹ́ ra ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ fún ọkọ òun, tiwájú àti tẹ̀yìn, irú èyí tó máa ń la afẹ́fẹ́ kọjá, àmọ́ tí kò ní gbọ́n àpò òun gbẹ. Télọ̀ ni obìnrin náà. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Bàbá oníkẹ̀kẹ́ nu epo kúrò lọ́wọ́, ó kó ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ jáde sórí tábìlì.

"Ẹ wò ó, màdáámù. Irin lásán lèyí, kò wọ́n, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ la afẹ́fẹ́. Èyí tó ní orúkọ ńlá lára yìí, orúkọ yẹn gan-an lẹ máa sanwó fún. Ẹ mú ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Káábọ̀nù fífúyẹ́ kan náà ni, kò kàn lókìkí ni. Ríìmù rẹ̀ ga níwọ̀nba. Òun ni mo lè rà fún àbúrò mi."

"Èyí tó wà lára ògiri ńkọ́?"

Ríìmù tó ń nawọ́ sí fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.

"Ìyẹn? Mo ti já owó rẹ̀ wálẹ̀ títí, kò sẹ́ni tó rà á. Níbi tí atẹ́gùn ò bá sí, ó ń fò ni. Àmọ́ tí atẹ́gùn bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, á já ọwọ́ kẹ̀kẹ́ gbà mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ibo lọ̀gá ti ń gùn ún?"

"Orí afárá gígùn. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń gùn ún lọ, tí wọ́n ń gùn ún bọ̀."

"Háà! Ẹ má rà á o. Ẹ̀bá afárá yẹn ni mò ń gbé. Ọmọ mi tó ń gba ife nínú eré kẹ̀kẹ́, ríìmù tiẹ̀ ò tó ìdajì èyí, síbẹ̀ ńṣe ló ń sọ̀ kalẹ̀ tó ń tì í kọjá. Ṣé wọ́n sanra?"

"Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n."

"Odò ló máa gbé wọn jù sí nìyẹn."

Obìnrin náà fi ìka tọ etí ríìmù náà yípo.

"Ẹ bá mi dì í," ó ní.

Inú ń bí obìnrin yìí, ìbínú náà kì í sì í ṣe ti àná. Òun fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ yẹ́lò tí ọkọ rẹ̀ fi ń gun kẹ̀kẹ́, òun náà ló ń fọ̀ ọ́. Ọkọ á jáde láàárọ̀ kùtù, á dé lọ́sàn-án, ọrùn aṣọ á gbẹ táútáú láìsí òógùn, ọṣẹ á sì máa ta sánsán lára rẹ̀. Ó bi í léèrè bóyá àlè ló ń lọ bá. Ńṣe ni ọkọ pe ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ obìnrin.

Ẹ̀gbọ́n wá, ó jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú pálọ̀, ó ní kí ìyàwó kúnlẹ̀ kó bẹ ọkọ tó pè ní alágbèrè. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Ọkọ ká ẹsẹ̀ léra, ó ní òun ti dárí jì í. Ìdáríjì yẹn ló dùn ún jù. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tó bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, orúnkún rẹ̀ máa ń rán an létí pé ẹ̀san kù tóun máa gbà.

Bàbá oníkẹ̀kẹ́ kọ̀, ó lóun ò ní tà á. Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́. Wọ́n dúró sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, kí bàbá náà tó mi orí, tó gbà, tó sì gbé ẹrù náà sínú ọkọ̀ fún un.

Inú ọkọ dùn dẹ́yìn. Ó ń fọwọ́ pa ríìmù náà bí ọmọ tuntun.

"O ṣe mí lóore o."

"Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n wa wá jẹun lọ́sàn-án Sátidé," ìyàwó ní, "kí wọ́n wá wo ohun tí mo fi bẹ̀bẹ̀."

Atẹ́gùn Sátidé yẹn ò ṣeré. Ó já aṣọ lórí okùn, ó yí garawa kiri àgbàlá. Ọkọ wọ aṣọ yẹ́lò, ó gun kẹ̀kẹ́.

"Ẹ rọra o," ìyàwó ní.

Ó wọlé, ó se oúnjẹ, ó to àwo mẹ́rin sórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n dé, ó jókòó síbi tó jókòó sí lọ́jọ́sí. Ọ̀sán pọ́n, ọkọ ò tíì dé, fèrèsé ń gbá gbàgà gbàgà.

"Ìyàwó, pè é wò. Àyà mi ń já."

Fóònù ìyàwó dún. Ó ka ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́, ó dojú fóònù dé orí tábìlì.

"Wọ́n á dé, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó sì dé lóòótọ́. Kò fara pa níbì kankan. Ó ń rẹ́rìn-ín, ọṣẹ ń ta sánsán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́! Lórí afárá, àfi bíi pé wọ́n kàn án mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ọwọ́ kan ni mo fi ń gùn ún."

"Ní àlọ àti àbọ̀?" ìyàwó bi í.

"Ní àlọ àti àbọ̀."

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí ìyàwó. "O gbọ́? Ẹni tí ò ń bà lórúkọ jẹ́ nìyẹn!"

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó ṣí i, ó mú bàbá kan tí epo wà léèékánná wọlé, ó fi í jókòó sídìí àwo kẹrin.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "bàbá yìí ló ta ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà, èmi ni mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró sẹ́nu afárá láti ìdájí, kí wọ́n dá aláṣọ yẹ́lò dúró kó má baà gùn ún kọjá kó kú, ẹ bá mi bi wọ́n, ta ni wọ́n rí?"