Ohun Tó Pa Àwẹ̀ró

Òfin ní kí èmi onímọ̀ sáyẹ́ǹsì máa jókòó sí gbọ̀ngàn ìlú ní gbogbo ọjọ́ ọjà, kí n máa dáhùn ìbéèrè ará ìlú. Ta ló ń wá? Ẹ̀rọ tó wà létí wọn ti ń dá wọn lóhùn. Èmi àti àga òfìfo la jọ ń wo ara wa.

Àfi lónìí tí Bàbá Àyánwálé wọlé.

“Ọmọ mi, kí ló pa Àwẹ̀ró, ìyàwó mi?”

Inú mi dùn, ẹnìkan rántí mi! Mo wo àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn lórí ikú ìyàwó wọn, mo ya àwòrán ọkàn, mo ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe dì tó sì dí iṣan. Ó yé wọn yékéyéké.

Wọ́n dìde.

“Bí ẹ̀rọ etí mi ṣe sọ ọ́ náà nìyẹn. Òun náà ò sọ pé, ‘Ẹ kú ará fẹ́ra kù.’”