Lẹ́tà Tí Ò Kí Ọ̀gá

Láràárọ̀ ni mo máa ń fi rédíò fi lẹ́tà ìlú wa ránṣẹ́, nítorí òpó fóònù ti di ilé ẹyẹ tipẹ́. Lónìí, orí òrùlé ilé ìwé ni mo na wáyà mi sí. Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́: "Omi ti gba ìlú. Ogójì èèyàn wà lórí òrùlé. Ẹ fi ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́."

Ẹ̀rọ tó ń gba lẹ́tà níbẹ̀ dá a padà: "Lẹ́tà yìí ò kí ọ̀gá. Òfin ò gba àrífín."

Inú bí mi gan-an.

"Adétọ́lá, kí wọn," ni Bàbá Láṣebìkan, baálẹ̀ wa, wí. "Ìkíni kì í pànìyàn."

"Omi ń pànìyàn, Bàbá! Ta ló ń kíni kó tó kígbe 'ẹ gbà mí'?"

Ṣùgbọ́n omi ti ń kan òrùlé. Mo fi ìbínú tẹ̀ ẹ́: "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ìjókòó. Àwa ò ríbi jókòó, ìdúró la wà. Ẹ gbà wá!"

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rọ náà gbà á. Èsì dé kíákíá:

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú ìdúró. Ọ̀gá ò tíì dé."